Ẹni Tó Ni Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé: Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ nínú Ìwé Ìròyìn Ìbàdàn

Ìfáàrà

Ohun tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ máa ń bi ìwé ìròyìn Yorùbá kò sábà ju méjì lọ: ọdún wo ni ó bẹ̀rẹ̀, ewì tàbí ìtàn àròsọ wo ni ó sì kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀? Ìbéèrè kẹta kì í tètè wáyé, bóyá nítorí pé ó jọ ìbéèrè oníṣòwò: ta ni ó ni ìwé ìròyìn náà? Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìbéèrè kẹta yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Àwọn àgbà ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó ń yan ibi tí etí ìwé ìròyìn yóò kọ sí. Ìlú tí kò bá sì ní ẹ̀rọ tirẹ̀, láti ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti máa gbọ́ ìròyìn ara rẹ̀.

Ìlú méjì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé ìròyìn tí iṣẹ́ yìí sì gbé yẹ̀ wò jù lọ ni The Yoruba News, tí D. A. Ọbasá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924. Ìdí tí ó fi jẹ́ ìwé ìròyìn Ìbàdàn ni a gbà ń ka ìtàn ìlú méjì mìíràn ni kókó ohun tí ó wà nílẹ̀ yìí.

Àwọn òǹkọ̀wé tí kò ní ẹ̀rọ

Kì í ṣe pé ìlú méjèèjì kò ní akọ̀wé. Ní 1896 ni ìjọ C.M.S. fìdí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, St. Andrew's, kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́. Àlùfáà Samuel Johnson, olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní ìlú kan náà, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ síbẹ̀ ní 1897. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ti dé láti 1855, wọ́n sì ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1898. Ìlú tí ó ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìní òǹkàwé, kò sì lè ṣàìní ẹni tí ọwọ́ ń yún láti kọ nǹkan.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wo ibi tí ohun tí wọ́n kọ lọ. Ìwé àfọwọ́kọ Johnson sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, 1921 ni ó sì tó jáde, nígbà tí òǹkọ̀wé náà ti kú ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ìwé tí M. C. Adéyẹmí kọ lórí Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ ìsinsìnyí, Ìbàdàn ni ó ti jáde ní 1914. D. O. Fágúnwà kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó ni ó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn ni ti Ògbómọ̀ṣọ́. N. D. Oyèríndé kọ ìtàn ìlú rẹ̀, Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́, Niger Press ní ìlú Jos ni ó sì tẹ̀ ẹ́ ní 1934. Kí ìtàn ìlú kan nínú Ẹkùn Ọ̀yọ́ tó di ìwé, ó ní láti gòkè lọ sí ilẹ̀ àwọn awakùsà tánganran.

Ìrìn-àjò yìí kì í ṣe èèṣì. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ti tẹ̀dó sí Jos àti sí ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní Òkè Ọya. Wọ́n pọ̀ ní Gold Coast pẹ̀lú, títí tí ìjọba Ghana fi lé àwọn àjèjì jáde ní ìparí 1969. Ìlú tí ọmọ rẹ̀ fọ́n ká báyìí, ìwé tí ó lè wà nínú àpótí fún ọdún mẹ́wàá wúlò fún un ju ìwé tí yóò gbó ní ọjọ́ keje lọ. Owó náà sì wà níbẹ̀. Láti 1903 ni òfin ìjọba amúnisìn ti pa á láṣẹ pé ẹni tí yóò dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi £250 dúró pẹ̀lú onígbọ̀wọ́, òfin 1917 sì mú ìkáwọ́ yìí gbòòrò. Owó ńlá ni, pàápàá fún olùkọ́ ilé ìwé. Ọ̀nà tún ń kọ́? Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ṣùgbọ́n kò gba Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Ibi tí ojú irin gbà ni bébà, yíǹkì àti lẹ́tà ń gbà.

Nítorí náà, ní ìlú méjèèjì, ìwé ìtàn ìlú ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ìwé ìròyìn ìbá ṣe. Nínú rẹ̀ ni ìlú ti ń gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò: ta ni ó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó, oyè wo ni ó ju oyè wo lọ, ta ni ó gba ta ni lọ́wọ́ ogun. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìwé ìtàn kò ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí ìwé ìròyìn bá ṣini pè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́tà àtúnṣe lè jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì. Ẹni tí ìwé ìtàn bá ṣì pè lè dúró di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ yóò kọ ìwé tirẹ̀. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ohun tí wọ́n fi ń rántí. Ohun tí wọ́n fi ń fèsì ni kò sí nítòsí.

Ọbasá àti orúkọ tí ó yàn

Ní Ìbàdàn, ohun gbogbo bá ara wọn pàdé lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọbasá ni ó ni The Yoruba News, òun ni olóòtú rẹ̀, òun ni ó ni Ìlárè Press, òun náà sì ni akéwì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ìwé náà ń jáde ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú rẹ̀, Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 jẹ́ ohun ìní ìjọ. Nígbà tí rògbòdìyàn lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò ní ìlú náà ní 1867, ó bá wọn lọ. Èkó ni àwọn tí ó tẹ̀lé e pọ̀ sí. Ọbasá kò sin ìjọ, kò sì sí ní Èkó. Ó wà ní àárín Ẹkùn Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀.

Orúkọ tí ó yàn yẹ fún àkíyèsí. Ní ìgbà náà, "Yorùbá" kò tíì bọ́ pátápátá lọ́wọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́: ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lò ó fún àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti àwọn tí ń sọ èdè wọn, nígbà tí Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, tí Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú. Ọbasá mú orúkọ tí ó ti Ọ̀yọ́ wá, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìwé ìròyìn Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ka orúkọ náà lásán yóò rò pé gbogbo ilé ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá wo àdírẹ́sì yóò mọ inú yàrá tí ohùn náà ti ń jáde.

Ohun tí ó sì wà láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ní àkókò náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lábẹ́ ètò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Kápútẹ́ẹ̀nì W. A. Ross ni ajẹ́lẹ̀ àgbà ní Ẹkùn Ọ̀yọ́, ìlú Ọ̀yọ́ ni ó sì fi ṣe ibùjókòó. Ó gbé àṣẹ Aláàfin Ládìgbòlú Kìíní, tí ó jọba láti 1911 sí 1944, lé Ìbàdàn lórí, ìlú tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti jẹ́ odi fún Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1925, nígbà tí ìwé ìròyìn Ọbasá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọdún kan, wọ́n yọ Baálẹ̀ Ṣítù ti Ìbàdàn lóyè. Ross fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1931. Ní 1934, Ìbàdàn bọ́ kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn, tí púpọ̀ nínú wọn wà nínú Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán pẹ̀lú Ọbasá, kò dúró sí àárín nínú ìjà yìí. Wọn kò sì fi pa mọ́.

Láti ìhà Ìbàdàn, ìtàn náà rọrùn láti sọ: ìlú kan gba òmìnira rẹ̀ lọ́wọ́ Aláàfin àti ajẹ́lẹ̀. Láti Ọ̀yọ́, ohun mìíràn ni: àwọn tí wọ́n ti ń sin olórí kan náà láti ìgbà pípẹ́ lo ìwé kíkà láti fi já okùn náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wá díjú fún jù. Abẹ́ Ìbàdàn ni ìjọba fi òun pẹ̀lú Òṣogbo, Ẹdẹ àti Ìwó sí. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn ń sọ pé kò tọ́ kí ìlú ńlá máa gba àṣẹ láti ìlú mìíràn, ẹ̀sùn kan náà ni Ògbómọ̀ṣọ́ lè fi kan Ìbàdàn. Ìwé ìròyìn tí Ìbàdàn ni ni yóò ní láti tẹ ẹ̀sùn náà jáde. Ọdún 1934 náà, ọdún òmìnira Ìbàdàn, ni ìwé Oyèríndé jáde ní Jos. Kò sí ìdí láti sọ pé èkínní ni ó fa èkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn ìwé ìròyìn ní Ẹkùn Ọ̀yọ́ tí kò fi ọjọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìdajì ìtàn ni ó kọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Ọbasá ń purọ́. Olówò ni, ó sì mọ oníbàárà rẹ̀. Àwọn tí ó ń ra ìwé rẹ̀ ní ọ̀wọ́ ni àwọn akọ̀wé kóòtù, olùkọ́, àwọn oníṣòwò kòkó àti àwọn ìjòyè tí ọmọ wọn ń kàwé sí wọn létí. Ìbàdàn ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé.

Akéwì tí ó ni ojú ìwé

Ibi tí ìbéèrè nípa oníǹkan ti ṣe pàtàkì jù fún ìmọ̀ lítíréṣọ̀ ni ewì Ọbasá. Ó kó àwọn ewì tí ó ti kọ́kọ́ tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ jọ sí ìwé mẹ́ta: Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì ní 1927, èkejì ní 1934, ẹ̀kẹta ní 1945. Ìdájọ́ tí ó wọ́pọ̀ lórí wọn ni pé akójọ òwe ni wọ́n ju ewì lọ. Wọ́n ní ó kàn ń to ọ̀rọ̀ àgbà lé ara wọn lábẹ́ àkọlé ìwà ẹ̀dá, kí ó tó fi gbólóhùn díẹ̀ tirẹ̀ dè é nídìí. Láti ìgbà tí Afọlábí Ọlábímtán ti gbé ewì àkọsílẹ̀ Yorùbá yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní 1974, àwọn aláríwísí ti fún Ọbasá ní ààyè tí ó tọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí aṣáájú. Síbẹ̀ èrò akójọ òwe náà kò tíì kúrò nílẹ̀.

Inú ìwé mẹ́ta yẹn ni àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ ti kà á. Bí ènìyàn bá rántí ibi tí ewì náà ti kọ́kọ́ jáde, ìdájọ́ náà lè yí padà. Nínú ìwé ìròyìn, òwe kì í dá dúró. Ìròyìn oyè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kan wà lójú ìwé yìí, ìpolówó ọjà wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà ẹnì kan tí ó ń bínú wà ní ẹ̀gbẹ́. Akéwì wá pa òwe nípa ẹni tí ó fi ọlá hùwà àfojúdi. Òǹkàwé ọ̀sẹ̀ náà kò ní béèrè ẹni tí ó ń bá wí. Bí wọ́n bá gbé ewì kan náà sínú ìwé ní ọdún kejì tàbí kẹwàá, tí wọ́n sì kọ "Àfojúdi" sí orí rẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ ti bọ́ lára rẹ̀ bí èèpo, òwe nìkan ni ó kù. Aláríwísí tí ó wá pe ohun tí ó kù ní akójọ òwe kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n fún un nìyẹn.

Òwe sì dára fún ẹni tí ó ní ohun ìní tí ó lè sọnù. Akọ̀ròyìn tí ń gba owó oṣù lè sọ̀rọ̀ ṣàkó, kí oníǹkan máa wá san án. Ọbasá ni oníǹkan. Owó ìdúró wà lọ́dọ̀ ìjọba lórúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ sì wà nílé rẹ̀. Ní ẹkùn tí ajẹ́lẹ̀ ti lè yọ Baálẹ̀ lóyè, ọ̀rọ̀ tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ni ọ̀rọ̀ tí ó lè jáde lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí èrò yìí bá tọ̀nà, ọgbọ́n tí akéwì ń dá nínú òwe Ọbasá kì í ṣe ti àṣà nìkan. Ọgbọ́n oníléeṣẹ́ ni pẹ̀lú. Ó ṣe é ṣe kí ó jẹ́ pé nínú àwọn ewì wọ̀nyí, tí gbogbo ènìyàn ń kà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ìwà fún ọmọdé, ni ọ̀rọ̀ tí ó le jù lórí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn wà.

Kí ènìyàn fi wé ohun tí I. B. Thomas ṣe ní Èkó. Òun náà ni ó ni Akéde Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1928, òun sì ni olóòtú rẹ̀. Nítorí pé kò sí ọ̀gá lórí rẹ̀, ó lè fi ààyè sílẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ láàárín 1929 àti 1930 fún lẹ́tà arábìnrin kan tí kò sí rárá, Ṣẹ̀gilọlá, ìtàn náà sì di ìwé ní 1930. Oníléeṣẹ́ méjì, òmìnira kan náà: ti Èkó bí ìtàn àròsọ, ti Ìbàdàn bí ewì. Àlàfo kan náà ni ó wà nínú méjèèjì: Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ibi tí wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà

Ẹnì kan wà tí ìbá yí èyí padà. S. L. Akíntọ́lá, tí wọ́n bí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1910, gba ipò olóòtú Daily Service ní Èkó ní 1943. Ó mọ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá sì gbà pé kò sí olóṣèlú ìgbà rẹ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá jù ú lọ. Ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1959. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group fọ́ ní 1962, ọwọ́ Awólọ́wọ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń jà, ni Nigerian Tribune wà, èyí tí ó ti dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1949. Ìjọba Akíntọ́lá dá Daily Sketch sílẹ̀ ní 1964 láti fi dojú kọ ọ́. Ìbàdàn ni ó gbé e sí. Owó ìlú ni ó fi dá a sílẹ̀, kì í ṣe owó Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọ́n pa Akíntọ́lá ní oṣù kìíní 1966. Sketch kò bá a kú. Ẹni tí ó bá ti jókòó sí àga ìjọba ni ó jogún rẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí hàn ní 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde lòdì sí owó orí, tí wọ́n sì pa Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́ nínú rúkèrúdò náà. Ìjọba tí ń gba owó orí ni ó ni ìwé ìròyìn tí ọmọ ìlú náà dá sílẹ̀. Nínú ìlú tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀, ta ni ó wà ní ipò láti ròyìn rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń jẹ́jọ́ tàbí pé ó ń dá ẹjọ́?

Ní 1970, ilé-iṣẹ́ Sketch gbé ìwé ìròyìn Yorùbá jáde, ó sì sọ ọ́ ní Gbohùngbohùn. Orúkọ tí ó dùn létí ni, ṣùgbọ́n ó sọ ju ohun tí àwọn tí ó yàn án fẹ́ sọ lọ. Gbohùngbohùn a máa dáni lóhùn. Kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, ó ṣe ohun tí The Yoruba News kò lè ṣe: ó dé abúlé, ó sì ní àwọn akọ̀ròyìn tí ń gba owó oṣù. Àwọn akéwì àti òǹkọ̀wé eré rí ààyè nínú rẹ̀. Nígbà tí ìpínlẹ̀ tuntun dé ní 1976, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó di alájọni ilé-iṣẹ́ náà. Ohun tí àwọn alájọni bá sì ní, ó rọrùn kí olúkúlùkù máa wo ẹnu èkejì nígbà tí ó bá kan owó bébà. Ṣáájú ìparí àwọn ọdún 1990, Sketch ti dákẹ́, Gbohùngbohùn sì ti dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Tribune, tí ó jẹ́ ti ìdílé kan, ń jáde títí di òní. Aláròyé tí Àlàó Adédayọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1996 tún padà sí ọ̀nà Ọbasá: oníǹkan ni olóòtú.

Iṣẹ́ tí ó kù

Gbogbo ohun tí àpilẹ̀kọ yìí sọ lórí òwe Ọbasá ni ẹnikẹ́ni lè dán wò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan mú Ìwé Kìíní ti 1927 lọ́wọ́, kí ó sì wá ewì kọ̀ọ̀kan rí nínú The Yoruba News, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, láti 1924. Kí ó má ṣe ka ewì nìkan. Kí ó ka gbogbo ojú ìwé náà, títí kan ìpolówó. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó yí yíyọ Baálẹ̀ Ṣítù ní 1925 ká ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí òwe nípa ọlá, ẹrú àti olúwa bá pọ̀ níbẹ̀ ju ní àwọn oṣù mìíràn lọ, a jẹ́ pé ewì ìjà ni àwọn ilé ìwé ti ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìwà. Bí wọn kò bá pọ̀ síbẹ̀, kí ó wo 1931 àti 1934, kí ó sì fi ìwé Oyèríndé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń kà á.